Ọ̀mì Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Pè

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà báyìí? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ ti lè máa fura, torí láti Sátidé ni mo ti ń wo ìpè yín tí n kò sì gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣókí: a ò wọ ìdíje ńlá. Ọ̀mì la ta nínú ayò tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bíborí nìkan ló lè gbé wa wọlé. Ọdún mẹ́fà tí ẹ fi kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn bí wọ́n ṣe ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ mi ló ti já bọ́.

Ayò náà dára títí tó fi ku ọba wọn nìkan. Àwa ní ọba, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin. Ẹ mọ̀ pé tó bá ti dé ibẹ̀, ètò tí ẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà wa kì í ronú mọ́. Ó kàn ń ṣí àkójọ ìparí ayò ni, níbi tí ìdáhùn gbogbo ipò tó ṣẹ́ kù wà. Ó bi àkójọ náà, àkójọ ní a ti borí. Mo mí kanlẹ̀. Bàbá télọ̀ tó jókòó fún àwọn ti ọ̀hún, tó ń bá ètò tiwọn gbé ọmọ ayò, ń làágùn bí ẹni tó ń gun òkè. Aago wọn ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹṣin wa lọ. Ẹṣin wa padà. Ó tún lọ.

"Ẹṣin yín yìí, ṣé ó ń ṣeré ìdárayá ni?" ni bàbá télọ̀ bi mí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti mọ ohun tó fà á. Ẹ rántí ìbéèrè méjì tí ẹ ní kí ètò máa bi ara rẹ̀: ìgbésẹ̀ mélòó ló kù, àti pé ṣé a ti débí rí? Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kó lè yára. Mo rò ó pé ẹni tó bá ti mọ òtítọ́, kí ló tún fẹ́ fi ìrántí ṣe? Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ìwé ní ìdí, n kò bi ara mi. Lójú àkójọ, gbogbo ìgbésẹ̀ tí ìborí ṣì wà nínú rẹ̀ ló dọ́gba. Ojú ò kán an rárá. Á máa lọ, á máa bọ̀, títí ipò kan náà yóò fi wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, tí òfin á sì sọ ọ́ di ọ̀mì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ. N kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ètò. Ohun tó bá sọ ni mo gbọ́dọ̀ ṣe. Mo gbé ẹṣin náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Kò sẹ́ni tó rí i. Adájọ́ kì í bá wa kà á. Àfi kí ọ̀kan nínú àwa méjì ké sí i. Bàbá télọ̀ ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ń sá lọ sára aago: ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Bí mo bá dákẹ́, àkókò wọn á tán, a ó sì borí.

Mo wò ó dé ogójì. Mo wò ó dé ogún.

"Bàbá, ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ọ̀mì ni."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ta ló bi ọ́?" Ó yíjú sí adájọ́. "Ẹ gbọ́ o, ọmọ yìí ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi!"

Adájọ́ yẹ ìwé wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́ kiri, wọ́n ní olóòótọ́ ni mí. Wọn ò mọ ẹni tó yọ ìbéèrè méjì kúrò. Èmi gan-an ò sì mọ̀ bóyá òtítọ́ ni mo sọ, àbí òógùn yín ni mo fi ra orúkọ rere fún ara mi.

Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ má fèsì sí lẹ́tà yìí. Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ sọ ọ́ lójú mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó jẹ̀bi,
                                        Aláròjù.