Owó Tí Mo Gbà Tí Mi Ò Ná

Iléṣà,
Oṣù kọkànlá, ọdún 1996.

Micah, àbúrò mi,

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì wá ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti rọlẹ̀? Ọlọ́run yóò fún ìwọ àti ìyàwó rẹ ní ìlera. Àlàáfíà ni èmi náà wà, àfi orúnkún. Ara mi ni kò balẹ̀. Bí mo bá jókòó, mo tún ti dìde. Bí mo bá gbé omi kaná, mo ti gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní Akínkúnmi ti san owó mi, kí n panu mọ́, torí ọmọ ìjọ wa ni, àti pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ olówó sẹ́wọ̀n. Tíṣà ni ọ́, ìwé kejì lèmi kà tí mo fi ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n o ò sí níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Nígbà tí báńkì wa ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní owó ti tán nínú rẹ̀, títí kan èyí tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ ogbó mi. Akínkúnmi tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá jáde sí wa, ó ń nu ojú, ó ní Wúrà, ọmọdébìnrin tó ń sanwó fún wa lójú fèrèsé, ló jí i kó. Ọlọ́pàá mú Wúrà. Micah, bàtà kan náà ni ọmọ yẹn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jí owó gbogbo Ìjẹ̀ṣà, ṣé inú irun orí ló kó o sí?

Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, sí ilé Akínkúnmi ní Dàda Estate. O mọ iṣẹ́ bàbá wa. Òṣómàáló ni: yóò ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè kò san, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní dìde, títí wọn yóò fi sanwó. Mo lóṣòó sẹ́nu géètì Akínkúnmi. Ọlọ́dẹ ní òun yóò tú ajá sílẹ̀. Mo ní kó tú u, pé mo ti gbó ju ẹran tí ajá ń jẹ lọ.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Akínkúnmi náà. Ó mọ̀ pé òṣómàáló kì í dìde lófìfo, ó sì mọ̀ pé bó bá ti gbowó, ọ̀rọ̀ parí. Ìyẹn ló gbójú lé. Ó wọlé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan jáde. "Yèyé, ẹ gba owó yín, ẹ dìde, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà." Mo wo inú ọ̀rá. Owó náà ṣì wà ní ìdì-ìdì, ìwé tí báńkì fi ń dì í wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ báńkì wa sì wà lára ìwé náà. Owó tí wọ́n ní Wúrà kó lọ, inú ilé tirẹ̀ ló ti gbé e wá!

Mo dìde. Orúnkún mi dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kí wọn nílé o." Mi ò lọ sílé. Mo gbé ọ̀rá náà tọ Mùínàt lọ, ọmọ Òṣogbo tó jẹ́ lọ́yà ìjọba lórí ẹjọ́ àwọn tó kó owó báńkì jẹ. Mi ò tú ìdì kan. Ó wò ó, wò ó, ó ní, "Màmá, àfi kí ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú adájọ́ n'Ìbàdàn. Bí ẹ ò bá wá, wọn yóò ní àwa la wá ìwé yẹn dì í. Wúrà nìkan ni yóò sì ṣẹ̀wọ̀n."

Lánàá ni Phebe, ìyá Akínkúnmi, gbé gálọ́ọ̀nù epo pupa kan wá. Inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà láti ìgbà tí eyín wa ṣì pé. "Àǹtí Julianah," ó ní, "wọ́n ti sanwó yín. Kí lẹ tún ń wá? Bàbá yín ìbá ti lọ sílé." Ó dùn mí, torí òótọ́ ni, bàbá ìbá lọ sílé. Mo jókòó, mo dìde. Mo ní, "Phebe, àwọn tó jẹ bàbá mi lówó, gbèsè ni wọ́n jẹ. Ọmọ rẹ kò jẹ gbèsè. Olè ló jà, ó sì gbé ẹrù olè ru ọmọ ọlọ́mọ." Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí Akínkúnmi kú sẹ́wọ̀n ni?" Mo ní, "Wúrà ńkọ́? Ṣé igi ló bí i?" Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Ó gbé epo rẹ̀, ó lọ.

Bí ọmọkùnrin kan bá jí ṣòkòtò lọ́jà Àtakúnmọ̀sà, wọn á lù ú, wọn á tì í mọ́lé. Èyí jí ọjọ́ ogbó gbogbo wa, ẹ ní kí n máa pè é ní ọ̀gá. N kò pè é. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ náà. N ó sọ ohun tí mo fojú rí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù ọ́. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà níṣojú rẹ, kí iná má kú nídìí ààrò rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Julianah.

Ó tún ku ohun kan: owó tó wà lọ́wọ́ Mùínàt, ẹ̀rí ni, mi ò lè yọ náírà kan níbẹ̀, mi ò sì ní owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Owó tí o yá lọ́wọ́ mi nígbà tí o ń kan páànù ilé rẹ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, mi ò bèèrè rẹ̀ rí. Mo ń bèèrè rẹ̀ báyìí. Kó dé ọwọ́ mi kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. San án.