Òkúta Ààlà Ẹ̀yìn Ilé Wa

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le? Ara tiwa le. Yìnyín ti yọ́ lórí òkè, Veit ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Wọ́n ti fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méje tó ń rí sí òkúta ààlà lábúlé wa. Láti ayé baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń ri amọ̀ sísun tí wọ́n fín àmì sí mọ́ abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sún òkúta, ibi tí amọ̀ yẹn bá wà ni ààlà gidi. Wọ́n ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ rí i.

Lánàá, Ìyá Kunigunda, opó tó múlé tì wá, ní òkúta àárín wa ti sún, ìsun omi òun ti bọ́ sọ́dọ̀ wa.

Veit bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, òkúta ti lẹ́sẹ̀ nìyẹn? Ẹ lọ ra awò ojú!"

"Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèje, ẹ wá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ fọ ṣòkòtò Veit, ni mo bá bá amọ̀ sísun alámì kan nínú àpò rẹ̀. Mo dá a padà síbẹ̀, mi ò sì fọ ṣòkòtò náà mọ́.

Kò sí wàhálà kankan o. Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé. Ṣé yàrá mi àtijọ́ ṣì ṣófo?

Irmtraud ọmọ yín