Òun Ló Jọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹjọ́ ni mo rò wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Owú ń jẹ mí. Irin ni mo sì ń jowú.

Iléeṣẹ́ tí a ti ń to fáànù n'Íléṣà, tí mo ń ti Òṣogbo lọ láràárọ̀, ti ra róbọ́ọ̀tì. Kò rí gbàgàdà. Apá kan ṣoṣo ni, ó fúyẹ́, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì dúró sí nídìí tábìlì. Bó bá fara kàn mí, á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Ẹ óò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ óò fà á lọ sídìí nọ́ọ̀tì, ẹ óò fà á bọ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe ni yóò máa ṣe, títí kan èyí tí ẹni ò mọ̀ pé òun ṣe.

Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Ní ṣọ́ọ̀bù yín l'Ókè Fíà, kò sí ọmọṣẹ́ tí ẹ kò dì lọ́wọ́ mú. Orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni tèmi, ojú ni mo fi jí iṣẹ́ náà kọ́. Ṣé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Àbí ẹ rò pé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi?

Bí ẹ bá tún fáànù ṣe tán, ẹ máa ń fi ìka gbá a lórí pẹ́pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kí ọmọ kú iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń ṣe é. Ọjọ́ tí irin yìí kọ́kọ́ dá ṣiṣẹ́, ó de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì gbá fáànù lórí pẹ́pẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tèmi máa ń gbọ̀n bó bá di ọ̀sán, tirẹ̀ kì í gbọ̀n, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Èmi lẹ bí, òun ló jọ yín.

Ẹnjiníà tó ń bójú tó irin náà ní gbígbá yẹn ń fi àkókò ṣòfò, ó bi mí bóyá kí òun pa á rẹ́. Bàbá, inú mi dùn. Mo lanu kí n ní kó pa á rẹ́ kíákíá. Ohun tó jáde ni pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi nìyẹn.”

Mo ṣì ń jowú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo máa ń dì í lọ́wọ́ mú.

Èmi ni,
ọmọ yín orí àpótí, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.