Èmi Ni Mo De Bọ́tìnnì Yẹn, Kì Í Ṣe Bàbá

Mo ti ba ọwọ́ bàbá kan jẹ́. Kì í ṣe pé mo lù ú o, kì í ṣe pé mo fún un lóògùn tí kò yẹ... àánú ni mo fi bà á jẹ́, àánú àti irọ́, bàbá náà ò sì yé gbàdúrà fún mi. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe pọ̀ lórí page yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo ń kọ́ṣẹ́ occupational therapy assistant. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, màmá mi gan-an nọ́ọ̀sì ló ń pè mí fún àwọn èèyàn, ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ẹni tí stroke bá kọlù, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, àwa la máa ń jókòó tì í tó bá ń tún kọ́ bó ṣe máa wẹ̀, bó ṣe máa jẹun, bó ṣe máa wọṣọ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì máa pinnu ohun tó yẹ ká ṣe, àwa assistant la máa ń bá a ṣe é lójoojúmọ́. Ibì kan báyìí ní Ibafo ni wọ́n pín mi sí fún placement. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níbẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kì í fi ṣeré rárá. Tí aláìsàn bá ń gbìyànjú nǹkan, ó ní ká jókòó lé ọwọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ o... ká ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí lórí àga, kó má baà máa yún wa láti ràn án lọ́wọ́. Ó ní ohun tí a bá bá a ṣe, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, mo tún yege nínú test rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá gbé Bàbá Télọ̀ lé mi lọ́wọ́ ni mo rí i pé mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ifo ni wọ́n ti ń ránṣọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, stroke sì mú ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ọmọ wọn obìnrin, Àǹtí Ṣadé, gbé wọn wá sílé rẹ̀ ní Magboro, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ní kí wọ́n de bọ́tìnnì márùn-ún tó wà lára ẹ̀wù wọn. Ẹ wo ohun tójú mi rí. Télọ̀ tó ti gé ihò bọ́tìnnì tí kò lóǹkà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mú un, ó ń bọ́, wọ́n tún mú un, ó tún bọ́, òógùn ń ṣàn wọ kọ́là wọn... Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ gba ìpè, Bàbá gbójú sókè wò mí, omi kún ojú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ilé tí wọ́n ti kọ́ mi pé tí àgbàlagbà bá gbé ike omi lásán kí n sáré lọ gbà á ni mo ti jáde, èmi wá jókòó kalẹ̀, kí ẹni tó lè bí bàbá mi máa làágùn níwájú mi nítorí bọ́tìnnì? Mo kúnlẹ̀. Mo bá wọn dè é, márààrún, kò tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, wọ́n ní mi ò ní ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ọ̀gá bá ti yíjú báyìí, èmi ni mò ń dè é, èmi ni mò ń tú u, ṣíbí tí wọ́n fi fóòmù wé kó lè rọrùn fún Bàbá láti dì mú, èmi ni mò ń fi bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Friday la máa ń kọ fọ́ọ̀mù. Ó ṣe é fúnra rẹ̀, a ràn án lọ́wọ́, kò lè ṣe é, ọ̀kan nínú mẹ́ta la máa mú. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ràn án lọ́wọ́ ni mo ń mú, òótọ́ ṣáà ni. Ọ̀gá wá pè mí pé àwọn aláìsàn ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń tẹ̀ síwájú, kí ló dé tí tèmi dúró sójú kan? Máàkì wa wà nínú ìtẹ̀síwájú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti kùnà níbòmíràn kí n tó bọ́ sórí course yìí, màmá mi ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ojú ti ọ̀tá. Ní Friday yẹn, mo mú “ó ṣe é fúnra rẹ̀.” Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìbọ̀wọ̀ fágbà nìkan ni o. Ìbọ̀wọ̀ fágbà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìmọtara-ẹni-nìkan ló bá mi parí ẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn, ojora mú mi, mo sọ fún Bàbá pé irọ́ ni mo ti ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá abẹ àti abẹ́rẹ́. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi orí abẹ fẹ ihò bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn, tí màá tún fi òwú ká etí rẹ̀ kó má tú, kó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an látilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bọ́tìnnì kàn ń yọ́ wọlé ni. Ọwọ́ òsì ló ṣe gbogbo iṣẹ́, ti ọ̀tún kàn dúró lórí aṣọ bí àlejò. Èrò pọ̀, ọ̀gá wo fọ́ọ̀mù mi, ó wo Bàbá, ó pàtẹ́wọ́. Àǹtí Ṣadé bú sẹ́kún ayọ̀, ó dì mọ́ mi, lọ́sẹ̀ kejì ó dá Bàbá padà sí ilé wọn ní Ifo, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Occupational therapy ni mo lọ kọ́ o, iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́ dé.

Oṣù márùn-ún ti kọjá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ní kí n lọ wo Bàbá nílé kí n sì kọ ìròyìn nípa wọn, pé àwọn ni aláìsàn mi tó yege jù, ìròyìn yẹn nìkan ló kù kí n gba certificate. Mo bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún náà ti ká jọ, ó ti di ẹ̀ṣẹ́, èékánná ti ń wọnú àtẹ́lẹwọ́. Mo gbìyànjú láti ṣí i, Bàbá ké. Ìyá kan ní ilé kejì ló ń bá wọn wọṣọ, tí ìyá náà bá rìnrìn àjò, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lánàá ni wọ́n máa wọ̀ sùn, òun náà ni wọ́n máa wọ̀ jí. Ẹ wá wo ògiri... Àǹtí Ṣadé lẹ ìwé tí a fi dá wọn sílẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Nígbàkigbà tí Bàbá bá pè é pé òun ò lè ṣe nǹkan kan, á ní kí wọ́n lọ wo ògiri, ìwé sọ pé wọ́n lè jẹun, ìwé sọ pé wọ́n lè wọṣọ, wọ́n kàn fẹ́ kí òun tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ìmẹ́lẹ́ ni. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú Àǹtí Ṣadé, ìwé ló gbà gbọ́, èmi ni mo kọ ọ́.

Bàbá ò sì sọ fún un! Ọmọ bíbí inú wọn ń pè wọ́n lópùrọ́, wọ́n gbé ẹnu wọn dákẹ́, nítorí kí wọ́n má baà lé mi nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, wọ́n fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, wọ́n ní ọwọ́ arúgbó ò ju ọjọ́ iwájú ọmọdé lọ. Mo sunkún, àwọn ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí mo padà dé Ibafo, mo dọ́gbọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, bí ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò, pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì lè ṣí? Ó ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, tó bá ti dà báyẹn, ohun tí a máa ń lé ni pé kó má burú sí i. Oṣù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo fi ń bá wọn de bọ́tìnnì.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi, ojú á ti màmá mi níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá á ní mo da àwọn, ọwọ́ wọn ò sì ní torí ìyẹn ṣí. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, wọ́n á fún mi ní certificate, wọ́n á gbé ẹlòmíràn lé mi lọ́wọ́, Àǹtí Ṣadé á sì máa pe bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ títí tó máa fi sin wọ́n. Ṣé kí n lọ bá Àǹtí Ṣadé nìkan? Ṣé kò ní fà mí lọ bá ọ̀gá ni? Ṣé kí n dákẹ́ kí n kàn máa lọ sí Ifo lọ máa tọ́jú wọn, ṣé ìyẹn náà kọ́ ló kó mi sí wàhálà látilẹ̀? Monday ni màá fi ìròyìn náà sílẹ̀, ó wà nínú báàgì mi, mi ò tíì kọ ju orúkọ Bàbá lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rè é. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, Bàbá dìde láti sìn mí dé títì. Ẹ̀wù ọjọ́ náà ni wọ́n wọ̀, ihò tí mo fẹ̀ ti fẹ̀ jù, bọ́tìnnì àyà ti yọ jáde. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ń wá a, kò gbà. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ mi, mo mọ ohun tí mo ti fà, ìwé náà ń wò mí láti ara ògiri... kí n tó mọ̀, mo ti bá wọn dè é, mo ti kúnlẹ̀, àdúrà ti ń dà lé mi lórí. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n fi ọwọ́ mi yìí ṣe?