Agolo Tó Kún Jù

Daddy Fẹ́kọ́mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Nínú agolo tòmátò tẹ́ ẹ rà ní gbàǹjo n'Íkòtún, èyí tó kàn tẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fi se ọbẹ̀ yín. Èyí tó wú, bí mo ṣe ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí ló tú pàá dé àjà, òórùn rẹ̀ sì lé ọmọ jáde. Mo ti dà á nù, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti gbàdúrà sí i.

Ó ku méjì tẹ́ ẹ gbé fún Pásítọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ló wú jù, ẹ sì ní èyí tó kún jù ni ti Ọlọ́run. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń gbà ló yọ wọ́n lọ́wọ́ ọrẹ yín. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa ṣínu.

Ẹ jàre, ẹ tètè pè wọ́n.

Màmá Fẹ́kọ́mi