Mẹ́ta àti Mẹ́rin Tí Kò Jẹ́ Méje

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 1986

Ọ̀la ni mo máa tún ìdánwò físíìsì ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ìmpídáǹsì, ìyẹn àpapọ̀ ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé lọ́nà, ló ń yọ mí lẹ́nu. Rẹ̀sísítọ̀ ń dí iná lọ́wọ́ ní ómù mẹ́ta, kóìlì ń dí i ní mẹ́rin. Mo rò wọ́n pọ̀, mo kọ méje. Tíṣà ní márùn-ún ni, pé nínú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ìdíwọ́ méjèèjì kì í bọ́ sí àsìkò kan náà.

Ó ní, "Ìyá Sàlíù, iṣu kọ́ lò ń kà o!"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá bọ́ sí àsìkò kan náà, báwo ni...

Láti ọ̀sán ni ìyá ọkọ mi ti gba Sàlíù kí n lè kàwé. Wọ́n ń fi ẹ̀kọ mímu tàn án, ó ń ké. Omi ọmú ti rin bùláòsì mi, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún pé kí wọ́n gbé e wá?

Nírọ̀lẹ́, wọ́n yọjú. "Ìyàwó, ṣé ohun tó ń dà ọ́ láàmú yẹn ti yé ọ wàyí?"

"Ó ti yé mi, mà." Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

"Alihamudulilai! Mo ṣáà ń sọ fún ọkọ rẹ pé ọpọlọ ìyàwó mi jí pépé."

Wọ́n gbé ọmọ fún mi, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Mò ń gbọ́ ohùn wọn lórí ẹní báyìí. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kó yé mi.