Àwòrán Inú Pálọ̀ Wa

Kumasi, oṣù kẹrin, 1957

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Jẹ̀mílà,

Mo kí yín, mo kí Bàbá àti Ìyá, mo kí àwọn ọmọ. Ọjà ọkọ mi ń tà díẹ̀díẹ̀, ibà mi sì ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ọkọ mi ra àwòrán kan ní Adum, láàárín ìlú níbí, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Nínú rẹ̀, àwọn ọba Àṣáńtì, ti etí òkun àti ti àríwá ló dúró sábẹ́ àsíá kan, lọ́jọ́ tí gbogbo Gánà di orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ọ̀dọ́ Àṣáńtì àdúgbò wa ò fẹ́ ìdàpọ̀ yìí. Wọ́n ti sọ òkò lu ilé kan nítorí rẹ̀. Lánàá, Yaw ọmọ onílé wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Àlejò, ṣé ẹ̀yin lẹ ó so wá pọ̀ ni?” Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ ọkọ mi, ó ní òun ò ní í gbé e kúrò. Ojú ń tì mí láti tún bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ ní Alàájì Múdàṣírù tó mú lẹ́tà yìí wá ló ròyìn àwòrán náà fún yín, pé ẹ fẹ́ ẹ fún pálọ̀ tiyín. Àna rẹ̀ ni yín, kò ní í lè kọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yín ṣáájú òkò dé ọ̀dọ̀ wa.

Àbúrò yín,
Múnírátù